Ẹnubodè Tó Ń Dá Ọdẹ́yalé Padà Síta

Ẹ fà mọ́ra, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn ríbi jókòó. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó tètè máa lọ sílé rẹ̀ nísinsìnyí tí oòrùn ṣì wà lókè, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò ní í tún un sọ. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ o. Èmi Ògúnṣínà tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì di ẹfọ̀n mú níwo rí, tí mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún họ imú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́yalé ni, ọdẹ Òkè-Àpárò, ọkùnrin tó máa ń fura sí òjìji ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì lọ wádìí rẹ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, torí èmi náà kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó méjì ni Ọdẹ́yalé fẹ́. Àwẹ̀ró ni ìyálé, Ṣíjúadé ni ìyàwó kékeré. Àìsàn dá Àwẹ̀ró gúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì gba ibẹ̀ kú, nígbà tí Ọdẹ́fúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò tíì lóyún rárá. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé. Oríkì ìdílé rẹ̀ ló kì sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹnì kan ní Òkè-Àpárò tó mọ̀ ọ́n kì, torí ibi tí Àwẹ̀ró ti wá jìnnà gan-an, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ti kú tán. Ó ní tí Ọdẹ́fúnkẹ́ bá bímọ, ohùn òun ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ó dáa. Ọdẹ́fúnkẹ́ bímọ, obìnrin ni. Ó fi ara pa gan-an kó tó bí i, wọ́n sì dá òun àti ọmọ dúró sílé ìgbẹ̀bí. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, nítorí náà ilé Ọdẹ́yalé ni wọ́n ti máa sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ọdẹ́yalé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, kó lè mọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kọ̀ǹpútà yìí fún yín. Ọdẹ́fúnkẹ́ tó jẹ́ tíṣà ló rà á. Líńọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe ẹ̀mí tó ń gbé inú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀. Ọdẹ́fúnkẹ́ fi sùúrù kọ́ bàbá rẹ̀ àti Ṣíjúadé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bàbá ń kó àwòrán sínú rẹ̀, èyí tí kámẹ́rà tó so mọ́ igi nínú igbó bá yà. Ohun tí Ṣíjúadé ń fi ṣe, bàbá kò mọ̀.

Ọdẹ́yalé tẹ pásíwọọ̀dù. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀, ó mọ́lẹ̀, ó tún ní kí ó tẹ pásíwọọ̀dù. Ó tún un tẹ̀. Ó ṣókùnkùn, ó mọ́lẹ̀, ó tún bi í. Ká ní ó sọ pé ó ṣì í tẹ̀ ni, ì bá gbà. Kò sọ pé ó ṣì í, kò sì jẹ́ kí ó wọlé. Ara fu bàbá. Ó rántí pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí òun bá ti ibi àwọn ọdẹ dé, òun máa ń bá Ṣíjúadé níwájú kọ̀ǹpútà yìí, tó fi nǹkan sétí, tó bá sì ti rí òun, á pa á dé wàràwàrà. Ó pe Ṣíjúadé síta, lójú gbogbo agboolé.

"Ṣíjúadé, kí lo fi ohùn Ìyá Fúnkẹ́ ṣe?"

"Bàbá Fúnkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Àlàyé wo? Mo ní kí lo fi ṣe? O jowú rẹ̀ láàyè, ó kú tán, o tún ń jowú ohùn rẹ̀! Ìwọ lo ti ilé mọ́ mi!"

Ṣíjúadé wò ó. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, "ẹ máa wá a." Ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó sì gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Alákọ̀kọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Kò sunkún. Àìsunkún yẹn gan-an tún mú kí Ọdẹ́yalé fura sí i.

Ẹ má bá mi bú u. Bí èmi náà bá wà níbẹ̀, ǹ bá fura.

Ọdẹ́yalé wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́rùn. Lọ́sàn-án gangan, ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ó pe ọ̀rọ̀ tí àwa ọdẹ ń pè tí igbó tó pa dé fi ń lanu. N kò ní í pè é fún yín, torí mi ò mọ irú ẹni tó wà láàrin yín. Dígí kọ̀ǹpútà rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ọdẹ́yalé gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, ó lọ.

Ẹnubodè ńlá kan ló kọ́kọ́ bá. Oníbodè kan dúró síbẹ̀ tó ní ojú níwájú, tó ní ojú lẹ́yìn, tí kò sì ní ẹsẹ̀ rárá.

"Ta nìyẹn?"

"Ọdẹ́yalé ni, ọdẹ Òkè-Àpárò, èmi tí mo..."

"Mi ò bi ọ́ ní oríkì. Sọ ọ̀rọ̀ tó wà láàrin wa."

Ọdẹ́yalé sọ pásíwọọ̀dù sí i létí. Oníbodè ní ó pé, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ọdẹ́yalé gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, nígbà tí yóò gbé tòsì, ìta ló bá ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn ti padé. "Ta nìyẹn?" ni oníbodè tún wí, bí ẹni tí kò rí i rí láyé. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ṣe báyìí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, Ọdẹ́yalé fi ìbọn kan ojú iwájú, ó sì ń ṣọ́ ojú ẹ̀yìn.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ sí mi? Ṣíjúadé ni, àbí?"

"N kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni oníbodè wí. "Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ sì pé. Ohun tó ń tì ọ́ síta wà nínú ilé lọ́hùn-ún. Tèmi kọ́."

"Èmi tí mi ò lè wọlé, báwo ni n ó ṣe mọ ohun tó wà nínú ilé?"

Oníbodè fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, dúdú bí ìdí ìkòkò. "Gba ibẹ̀ yẹn. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń fọwọ́ tọ́ka sí. Ẹnu ni wọ́n ń lò. Ohun tí o bá sọ gan-an ni wọ́n máa ṣe, wọn kì í sì í bi èèyàn pé ṣé o rò ó dáadáa."

Ọdẹ́yalé wò ó pé èyí tó ń fi ọ̀nà han òun lọ́fẹ̀ẹ́ yìí, kí ló ń wá? Ó gba ọ̀nà náà ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹ̀yìn yọ sí i.

Kò tíì jìnnà tó fi pàdé ọkùnrin arẹwà kan tó wọ aṣọ funfun báláú. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Oyin lorúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Ọdẹ́yalé tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe yín. Ilẹ̀kùn ń dá yín padà, àbí? Gbólóhùn kan péré ni. Ẹ̀yin ẹ ṣáà sọ ọ́ sókè, wàhálà yín ti parí."

"Kí ni gbólóhùn ọ̀hún?"

"Ẹ sọ pé: 'Gbá gbogbo ilé yìí láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀, má bi ẹnikẹ́ni léèrè.' Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ni mo ti fún, kò sí èyí tó padà wá ráhùn."

Ọdẹ́yalé di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó. "Wọn ò padà wá ráhùn. Tí wọ́n bá gbá gbogbo ilé láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀ tán, kí ló máa ṣẹ́kù?"

"Ìmọ́tótó ni, bàbá."

"Ohùn ìyàwó mi tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Ẹlẹ́nu-Oyin wúkọ́. Ó ní kí bàbá má da ara rẹ̀ láàmú lórí nǹkan kékeré.

"Ilé tìrẹ dà?" Ọdẹ́yalé bi í.

"Ilé mi? Ọ̀hún yẹn, ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ó dára púpọ̀. Ìwọ kọ́kọ́ dojú kọ ọ́, kí o sọ gbólóhùn náà sí i lójú mi. Tó bá mọ́, èmi náà á sọ ọ́ sí tèmi."

Háà! Ẹ̀rín ẹnu ọkùnrin náà ya kúrò lójú rẹ̀, ó jábọ́ sílẹ̀ pàà. Abẹ́ rẹ̀, kò sí ẹnu rárá, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọdẹ́yalé fi ìdí ìbọn ti ẹ̀rín tó wà nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹlòmíràn má baà tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, mo mọ̀ pé ìdajì yín ni ì bá ti sọ gbólóhùn yẹn kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ má purọ́ fún mi. Èmi ń wò yín lójú.

Ó rìn títí ó fi dé Ìlú Àṣẹ. Ní ìlú yìí, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fi ẹni tó lè wò ó hàn, ọ̀kan fi ẹni tó lè tún un ṣe hàn, ẹ̀kẹta fi ẹni tó lè rán an níṣẹ́ hàn. Ọdẹ́yalé nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan, ọwọ́ rẹ̀ di èéfín títí dé ìgbọ̀nwọ́. "O kò láṣẹ," ni ilẹ̀kùn wí. Ó nawọ́ sí òmíràn, bákan náà. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó tún ka ìka rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá wọ́n jí ọ̀kan níbẹ̀.

Wọ́n ní kí ó lọ bá Baba Onígbòǹgbò tó ni gbogbo ìlú. Àgbàlagbà kan ni, gbòǹgbò ti jáde lábẹ́ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ, kò dìde láti ọjọ́ tó ti jókòó. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ ríran nínú ilé gbogbo? Dé èyí. Tó bá wà lórí rẹ, kò sí ilẹ̀kùn tí kò ní í ṣí, kò sì sí ohun tí o kò lè bàjẹ́. Má pẹ́ nínú rẹ̀."

Ọdẹ́yalé yí fìlà náà sódì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n yẹ́yẹ́. "Ta ló dé e gbẹ̀yìn?"

"Akọ̀wé ló mọ̀. Kò sí ẹni tó dé e tí akọ̀wé kì í kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tó fi ṣe."

Inú Ọdẹ́yalé dùn dé ìdí. Ó ní àṣírí Ṣíjúadé tú lónìí. Ó fi fìlà sí àpò, ó sáré dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé.

Akọ̀wé yìí, ogójì ọwọ́ ló ní, gbogbo wọn ló ń kọ̀wé, ìwé rẹ̀ sì yí òkè kan ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun gbogbo ló ń kọ. Kòkòrò fò, ó kọ ọ́. Ọdẹ́yalé mí, ó kọ ọ́. Ọdẹ́yalé tẹ̀ síwájú láti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, akọ̀wé fi ọwọ́ kan dá a dúró.

"Tí o bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ á kan ilẹ̀ kí o tó parí. Ìdí ìwé ni kí o wò. Ohun tó ṣe ọ́ lónìí, òní ni mo kọ ọ́."

Ọdẹ́yalé wo ìdí ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ léraléra níbẹ̀: "Ọdẹ́yalé wọlé. A wá ibi tí a ó tẹ́ ẹní sí fún un. Àyè ti tán. A dá a padà síta."

"Àyè ti tán? Nínú ilé tó tóbi tó báyìí? Ta ló kó ẹrù kún un?"

"Lọ wò ó fúnra rẹ. Ilé tó kún jù wà lápá òsì lọ́hùn-ún. O ò ní í rí i bí o bá kàn ń wò, torí ẹni tó kọ́ ọ fi àmì kékeré kan tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ síwájú orúkọ rẹ̀ kó lè pa mọ́. Ní kí gbogbo ilé fara hàn."

Ọdẹ́yalé rẹ́rìn-ín ìkà. Olè nìkan ló ń fi ilé pa mọ́. Ó dé fìlà, ó pàṣẹ kí gbogbo ilé fara hàn, ilé kan sì yọ gọńgọ níbi tí kò sí nǹkan tẹ́lẹ̀. Ògiri rẹ̀ ti wú síta, òrùlé rẹ̀ ti fẹ́ ṣí kúrò. "Ṣíjúadé," ni Ọdẹ́yalé wí, "ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́." Ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn.

Àwòrán ló ya lù ú. Àwòrán ewé. Ewé tó ń mì, ewé tó dúró jẹ́ẹ́, ewé tí òjò pa. Ìrù ẹtu kan. Ẹ̀yìn ẹyẹ. Ewé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí Ọdẹ́yalé fúnra rẹ̀, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń so kámẹ́rà mọ́ igi. Ọ̀kẹ́ méjì àwòrán ló wà níbẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ sára gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni wọ́n: Ọdẹ́yalé.

Ẹ mọ àṣà àwa ọdẹ. Gbogbo ẹran tí a bá pa, a máa ń to agbárí rẹ̀ sára ògiri, ọ̀kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́yalé ṣe mú àwòrán kámẹ́rà yẹn. Kámẹ́rà ọ̀hún sì rèé, tí afẹ́fẹ́ bá ṣáà ti fẹ́, á yà á. Ọdẹ́fúnkẹ́ ní òun fẹ́ yọ àwọn tí kò ní ẹran nínú kúrò, bàbá fárígá, ó ní ẹnìkan kò gbọdọ̀ ju agbárí òun nù. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn pa mọ́ sínú ilé tí ojú kì í rí, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ojú tì í, ojú náà sì di ìbínú. Ó pariwo pé kí wọ́n kó gbogbo ewé yẹn dànù. Wọ́n kó o. Ilé ṣófo.

"Àyè ti wà báyìí?" ló bi akọ̀wé.

"Kò tíì sí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kó wọn sí. Ohun tí wọ́n bá dà sí ààtàn wa kì í lọ títí ẹni tó ni ín á fi ní kó lọ."

Ọdẹ́yalé já sí ẹ̀yìnkùlé tìbínútìbínú. Ìyá arúgbó kan ló jókòó ti ààtàn náà, apẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "ṣé kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àbí kí n sun ún pọ̀?"

Ọdẹ́yalé wò ó tìfura-tìfura. "Kí ló kàn ọ́ nínú ẹrù mi tí o fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? O fẹ́ mú níbẹ̀ ni. Sun ún pọ̀, lójú mi báyìí!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ṣé fìlà tó wà lórí mi kò hàn sí ọ ni?"

Ìyá arúgbó mí kanlẹ̀, ó ti iná bọ̀ ọ́. Ewé jó, ẹyẹ jó, ìrù ẹtu jó. Nígbà tí iná dé ìsàlẹ̀ pátápátá, Ọdẹ́yalé gbọ́ ohùn obìnrin kan tó wúkọ́ nínú iná, tó ní "Káàbọ̀, ọmọ..." Ohùn náà já.

Àwẹ̀ró ni.

Yéè! Ọdẹ́yalé ju ìbọn nù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ iná, ó ń wá a, ó ń gbo eérú. Kò sí nǹkan. Ó sáré padà sọ́dọ̀ akọ̀wé pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú, ó ní ta ló gbé ohùn ìyàwó òun sí ààtàn, kí akọ̀wé dárúkọ ẹni náà kíákíá.

Akọ̀wé yí ìwé sẹ́yìn díẹ̀, ó kà á láìgbé ojú sókè. "Lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, a sọ fún Ọdẹ́yalé pé àyè ń tán. Ọdẹ́yalé kò fọwọ́ kan àwòrán ewé. Ó rí nǹkan kan tí kò ní àwòrán lójú, ó ní, 'Èyí kò wúlò,' ó jù ú sí ààtàn. Ohùn Àwẹ̀ró ni. Lónìí, Ọdẹ́yalé dé fìlà, ó ní kí wọ́n sun ún."

Ọdẹ́yalé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó kojú erin láìṣẹ́jú, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni ikú pa á. Èmi ni mo tún un pa." Ìbànújẹ́ náà pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ débi pé nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi, oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ tutù, kò jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, ó nu ojú. Ìfura tó kù nínú rẹ̀, ó fi bi akọ̀wé léèrè. "Ṣíjúadé ńkọ́? Kí ló ń wá ṣe níbí lọ́jọọjọ́ Ẹtì?"

"O ò bi mí láti ìgbà yìí wá. Ọjọ́ Ẹtì, Ṣíjúadé dé. Ó ṣí ohùn Àwẹ̀ró, ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ó da ohùn náà kọ sórí fláàṣì, ó yọ ọ́, ó mú un lọ."

"Ó dé fìlà yìí rí?"

"Kò dé e rí. Ohun tí wọ́n fún un láṣẹ láti gbọ́ ló gbọ́."

Ọdẹ́yalé bọ́ fìlà lórí, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu fún un, ẹní ti wà nílẹ̀ nínú ilé, ìmọ́lẹ̀ sì wà. Kò jókòó. Nígbà tó máa ṣẹ́jú, ó ti dúró nínú yàrá rẹ̀ ní Òkè-Àpárò, kọ̀ǹpútà ti ṣí níwájú rẹ̀ kedere, eérú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé Alákọ̀kọ̀. Ṣíjúadé jókòó lágbàlá bàbá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀ fún un nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú gbérí ọdẹ lọ́rùn, lójú àwọn ẹbí ìyàwó. Èmi kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi, mo sì ti dàgbà.

"Bàbá Fúnkẹ́, ẹ dìde. Ẹ ń ba aṣọ jẹ́."

"Mo ti wá a, Ṣíjúadé."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Èmi ni mo jù ú nù. Èmi náà ni mo sun ún. Mo sì fẹ̀sùn kàn ọ́ lójú ayé."

Ṣíjúadé fi ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tún fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Fúnkẹ́ sọ ọ́," ló wí.

"Ó sọ kí ni?"

"Ẹ máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ." Ó dìde lọ di ẹrù rẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n rìn padà, Ọdẹ́yalé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ìpàkọ́ rẹ̀, ó ń ronú pé kí ni òkú sọ nípa òun tí obìnrin yìí fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló fẹ́ bi í, kò lẹ́nu tí yóò fi bi í mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ọdẹ́fúnkẹ́ gbé ọmọ délé, ilé kún, èmi fúnra mi wà níbẹ̀, orí àga ni mo sì jókòó sí, ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín. Ṣíjúadé fa okùn kan yọ lábẹ́ bùbá rẹ̀, fláàṣì ló wà nídìí okùn náà. Ó kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ohùn Àwẹ̀ró wúkọ́.

"Ṣé ó ti ń gbọ́ mi? Ṣíjúadé, ṣé ó ti ń gbọ́ mi? Ó dáa. Kí n tó kì í, ìwọ ni mo fi ohùn mi yìí sílẹ̀ fún o. Má jẹ̀ẹ́ kí bàbá wọn fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ nǹkan kó jọ, kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Tó bá sì sọnù, ìwọ ló máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Bá mi dárí jì í. Kò ní í mọ̀ pé òun ni."

Ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú àwọn obìnrin. Àwẹ̀ró tún wúkọ́, ó gbé ohùn sókè, ó ń kì í:

"Káàbọ̀, ọmọ ẹni tí mo fi ọmú mi wò.
Ọmọ onílé ẹ̀bá odò tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò,
Ọmọ a-jí-ní-kùtù-fẹsẹ̀-gbọn-ìrì.
Bí o bá dé, jókòó, ilé rẹ lo dé."

Ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́. Ó yí ojú síbi tí ohùn náà ti ń wá. Ọdẹ́yalé kò lè dúró mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ tí iná ti bó sí fláàṣì náà, bóyá ó kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án lásán ni.

Ṣíjúadé gbá a lọ́wọ́, pàà. Ó yọ fláàṣì, ó fi í padà sábẹ́ bùbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba ọmọ lọ́wọ́ Ọdẹ́fúnkẹ́, ó gbé e lé Ọdẹ́yalé lọ́wọ́.

"Ẹ rọra o," ló wí. "Ẹ fọwọ́ ti ọrùn rẹ̀."

Ó tán. Ẹ dìde lórí ẹní mi.